Ìpàkọ́ Lọ̀rọ̀ Wà

Ayàwòrán kan wà tí àdúgbò ń pè ní Mo-Ti-Rí-Ọ-Rí. Àìsàn kan ṣoṣo ló ń ṣe é: ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Ó ní bí òun bá ti rí ojú ènìyàn lẹ́ẹ̀kan pẹ́rẹ́, kí onítọ̀hún fá irun, kó sanra, kó tún lọ lo ogún ọdún lókè òkun, òun á dá a mọ̀ láti òdì kejì títì. Oníbàárà kò ní tíì jókòó tán tí yóò fi ní, "Mo ti rí ọ rí." Bí ẹni náà bá ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé àdúgbò ni, á ní, "Ìyẹn ò kàn mí."

Ó wá gbọ́ pé dókítà ọpọlọ kan ní ọsibítù ń wá àwọn tí kì í gbàgbé ojú ènìyàn. Kó tó di ọjọ́ kejì, ó ti sọ fún gbogbo títì pé wọn yóò gbé àwòrán òun kọ́ sára ògiri níbẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ní òun á sìn ín lọ. Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun tí wọ́n ń ròyìn fúnni.

Bí wọ́n ṣe dé ọ̀dẹ̀dẹ̀, obìnrin kan tó wọ aṣọ funfun ń bọ̀. Ayàwòrán tẹrí ba.

"Dókítà, mo ti rí yín rí."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Èmi ni mo kọ orúkọ yín sílẹ̀ ní géètì lẹ́ẹ̀kan. Dókítà wà nínú lọ́hùn-ún."

Ìyàwó rẹ̀ jókòó síta, ó ń fi ọwọ́ bo ẹnu.

Dókítà ya fọ́tò rẹ̀ sí fáìlì, ó fi í jókòó síwájú kọ̀ǹpútà. Ó ní ohun tí ojú bá rí, ẹ̀yìn ọpọlọ níbi ìpàkọ́ ló kọ́kọ́ ń gbà á. Ìlà àti igun ni ibẹ̀ ń yẹ̀ wò. Lẹ́yìn náà ni yóò tì í síwájú díẹ̀díẹ̀, títí a ó fi mọ̀ pé bàtà ni tàbí àga. Ojú ènìyàn ní ààyè tirẹ̀ lọ́tọ̀, ilé náà ní tirẹ̀.

"Wọ́n ní ojú lọ̀rọ̀ wà," ni ayàwòrán wí. "Ṣé ìpàkọ́ ló wá wà?"

"Ìpàkọ́ náà ni, sà."

Dókítà fi àwòrán hàn án, ó mọ bàtà. Ó mọ àga. Dókítà wá gbé àwòrán kan jáde tó rí bí àbàwọ́n dúdú lára funfun.

"Ajá tó sùn."

"Ìyá àgbà tó ń rẹ́rìn-ín ni, sà."

"Ẹ̀rín ẹ̀ ló jọ ti ajá."

Ó kan àwọn ojú tí wọ́n dorí wọn kodò. Nígbà tó dé orí ìkẹta, ó yọ ṣùtì.

"Èyí ò wọ ṣọ́ọ̀bù mi rí. Ẹ wo imú gbàgùdù. Ojú onírọ́ nìyí."

Dókítà rọra yí àwòrán náà padà. Fọ́tò ayàwòrán fúnra rẹ̀ tó yà sí fáìlì lẹ́ẹ̀kan ni.

Wọ́n ní ìpàkọ́ onípàkọ́ là ń rí, a kì í rí tẹni. Bàbá yìí rí tirẹ̀ tojú-timú, kò mọ̀ ọ́n.

"Ẹ má jẹ́ kó dùn yín, sà," ni dókítà wí. "Bó ṣe ń ṣe gbogbo wa nìyẹn. Ojú tó wà lóòró ló mọ́ ọpọlọ lára. Ẹ dorí ẹ̀ kodò, ó di àjèjì."

Ara ayàwòrán yá. Ó jáde, ó fa obìnrin kan tó wọ aṣọ aláwọ̀ ewé lórí bẹ́ǹṣì lọ́wọ́. "Ìyàwó mi, ó yá. Dókítà ní kò sí ohun tó ṣe mí."

Obìnrin náà wò ó tìyanu-tìyanu. Ẹni tó jókòó tẹ̀ lé e húkọ́. Ìyàwó rẹ̀ ni.

"Ṣé o rí i," ni ayàwòrán wí, òógùn ti bò ó, "dókítà ní ọpọlọ kì í tètè mọ ojú tó bá dorí kodò."

"Èmi wá ńkọ́? Ṣé orí ni mo fi jókòó?"

Ayàwòrán mú etí aṣọ ìyàwó rẹ̀ dání ṣinṣin.

"Máa lọ níwájú," ó ní, "kí n má baà mú ìyàwó oníyàwó délé."