Ohùn Tí Ọ̀gá Gbọ́, Ohun Tí Ọ̀gá Rí

Ọ̀gá ilé iṣẹ́ rédíò kan jókòó sí ọ́fíìsì rẹ̀ ní ìsàlẹ̀ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún lé orí tìmùtìmù. Ọmọbìnrin kan wọlé pẹ̀lú ọ̀pá méjì lábẹ́ abíyá. Orí tẹlifóònù nìkan ni wọ́n ti bá ara wọn sọ̀rọ̀ rí, níbẹ̀ ni ọ̀gá ti sọ ọ́ ní Olóhùn-iyọ̀, tó sì ní kó wá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lónìí.

Ọ̀GÁ: (ó rí ọ̀pá, kò tíì wo ojú) Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ọjọ́ Ẹtì la máa ń ṣe ìtọrẹ àánú. Ẹ padà wá lọ́jọ́ Ẹtì.

OLÓHÙN-IYỌ̀: Ẹ káàárọ̀, sà. Òní lẹ ní kí n wá.

Ọ̀GÁ: Háà. Ohùn yìí. Olóhùn-iyọ̀ mi dà? Ṣé ó wà lẹ́yìn rẹ ni?

OLÓHÙN-IYỌ̀: Èmi náà ni, sà. Kò sí ẹnikẹ́ni lẹ́yìn mi.

Ọ̀GÁ: Tún un sọ.

OLÓHÙN-IYỌ̀: Kò sí ẹnikẹ́ni lẹ́yìn mi, sà.

(Ọ̀gá di ojú, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.)

Ọ̀GÁ: A ti gbà ọ́. (Ó la ojú.) Ó dùn mí pé a ò lè gbà ọ́.

OLÓHÙN-IYỌ̀: Èwo ni kí n mú nínú méjèèjì, sà? Mo ti dágbére fún ilé ìwòsàn tí mo ti ń dáhùn tẹlifóònù. Wọ́n ti fi ẹlòmíràn sí orí àga mi.

Ọ̀GÁ: Má bínú, ọmọ mi. Ohun tí mo rí yìí yàtọ̀ sí ohùn tí mo gbọ́.

OLÓHÙN-IYỌ̀: Ohùn lẹ ní ẹ̀ ń wá, sà, ẹ ò sọ pé ohun ni.

Ọ̀GÁ: Ohùn àbí ohun, kí ni ìyàtọ̀?

OLÓHÙN-IYỌ̀: Ìyàtọ̀ yẹn ni iṣẹ́ tí mo wá ṣe, sà.

Ọ̀GÁ: Má rò pé mo kórìíra irú yín o. Nínú ilé iṣẹ́ yìí, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ pe ẹnikẹ́ni ní arọ. Àkàndá ẹ̀dá la máa ń sọ. Èmi fúnra mi ni mo pa á láṣẹ.

OLÓHÙN-IYỌ̀: Ẹ ṣeun, sà. Àkàndá ẹ̀dá mélòó ló ń bá yín ṣiṣẹ́?

Ọ̀GÁ: Kò sí. Ìdí nìyẹn tí ẹnikẹ́ni kò fi tíì rú àṣẹ náà. Àti pé tèmi kọ́, àwọn olùgbọ́ wa ni mò ń rò.

OLÓHÙN-IYỌ̀: Ṣé wọ́n máa ń rí ẹsẹ̀ nínú rédíò, sà?

Ọ̀GÁ: Àwọn olùgbọ́ tiwa, wọ́n fura púpọ̀.

OLÓHÙN-IYỌ̀: Gbohùngbohùn ni wọ́n pe ẹ̀rọ tí à ń sọ̀rọ̀ sí, sà. Ká ní gbẹ́sẹ̀gbẹ́sẹ̀ ni, ilé ni mi ò bá jókòó sí.

(Ọ̀gá rẹ́rìn-ín, ojú rẹ̀ tún dì.)

Ọ̀GÁ: Ohùn yìí, ohùn yìí. Ó dáa, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé mi ò dán ọ wò. Gba ìwé orí tábìlì yẹn. Òfin tuntun ni, wọ́n ní ká kà á fún ará ìlú lónìí. Ẹni tó yẹ kó kà á, ikọ́ ò jẹ́ kó lè sọ̀rọ̀. Kà á kí n gbọ́.

OLÓHÙN-IYỌ̀: (ó fara ti ògiri, ó gbé ìwé náà) "Ẹsẹ kìíní. Agbanisíṣẹ́ kankan kò gbọ́dọ̀ kọ ẹni tó mọ iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí ìpèníjà ara."

Ọ̀GÁ: Ó ń dùn bí oyin. Máa bá a lọ.

OLÓHÙN-IYỌ̀: "Ẹsẹ kejì. Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ yóò fojú ba ilé ẹjọ́, yóò sì san owó ìtanràn."

Ọ̀GÁ: Ìtanràn. Bí o ṣe pè é yẹn, ó ń ṣe mí bíi kí n san án.

OLÓHÙN-IYỌ̀: Ó ṣeé ṣe, sà. Ṣé ẹ gbọ́ ohun tí mo kà?

Ọ̀GÁ: Mo gbọ́ ohùn rẹ dáadáa.

OLÓHÙN-IYỌ̀: Ohun, sà.

Ọ̀GÁ: Ohùn náà ni mo wí.

OLÓHÙN-IYỌ̀: (ó mí kanlẹ̀) Ó ku ẹsẹ kẹta.

(Ọ̀gá la ojú wàì, ó bẹ abẹ́ tábìlì wò.)

Ọ̀GÁ: Ẹsẹ̀ kẹta? Àwọn tó wà nílẹ̀ ò tíì yanjú, o tún ní òmíràn?

OLÓHÙN-IYỌ̀: Ẹsẹ ni mo pè, sà, mi ò pe ẹsẹ̀. Ẹsẹ òfin.

Ọ̀GÁ: Òfin náà tún ní ẹsẹ̀?

OLÓHÙN-IYỌ̀: Kò ní in, sà. Ìdí nìyẹn tí kò fi tíì dé ọ́fíìsì yín.

Ọ̀GÁ: Ẹ̀fẹ̀ kọ́ là ń ṣe. Yàrá tí a ti ń sọ̀rọ̀ wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, àtẹ̀gùn rẹ̀ sì dúró ṣánṣán bí ògiri. Èmi gan-an kì í gùn ún.

OLÓHÙN-IYỌ̀: Kí ló dé, sà?

Ọ̀GÁ: Orúnkún mi ni. Òkè ni ọ́fíìsì mi wà tẹ́lẹ̀. Wọ́n gbé gbogbo rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ fún mi, fèrèsé nìkan ni wọn ò lè gbé. Wọ́n tún ra tìmùtìmù.

OLÓHÙN-IYỌ̀: Kí wọ́n tó gbé e, ṣé wọ́n kọ́kọ́ sọ fún yín pé ẹ ò lè ṣiṣẹ́ mọ́?

Ọ̀GÁ: Ta ló tó bẹ́ẹ̀? Ṣé orúnkún ni mo fi ń darí ilé iṣẹ́ ni?

OLÓHÙN-IYỌ̀: Rárá, sà. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, àkàndá ẹ̀dá kan ti wà níbí.

Ọ̀GÁ: Níbo?

(Ọmọbìnrin náà wo tìmùtìmù. Ọ̀gá náà wo tìmùtìmù.)

Ọ̀GÁ: Èmi kọ́ o. Ọ̀gá ni mí.

OLÓHÙN-IYỌ̀: "Ẹsẹ kẹta. Agbanisíṣẹ́ yóò tún ibi iṣẹ́ ṣe fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, yóò sì fún un ní ohun tí yóò fara tì."

(Lọ́tẹ̀ yìí, ojú ọ̀gá kò dì.)

Ọ̀GÁ: Ta ni yóò gbé gbohùngbohùn sọ̀ kalẹ̀?

OLÓHÙN-IYỌ̀: Àwọn tó gbé tábìlì yín, sà. Ó fúyẹ́ jù ú lọ.

Ọ̀GÁ: Sí yàrá wo?

OLÓHÙN-IYỌ̀: Èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibí. Mo rí i bí mo ṣe ń wọlé, àga ló kún inú rẹ̀.

Ọ̀GÁ: Àwọn àga yẹn ti pẹ́ níbẹ̀.

OLÓHÙN-IYỌ̀: Gbogbo wọn ló kán lẹ́sẹ̀, sà. Síbẹ̀, ẹ ò lé wọn.

(Ọ̀gá fọwọ́ pa irùngbọ̀n rẹ̀.)

Ọ̀GÁ: Ó dáa. A gbà ọ́.

OLÓHÙN-IYỌ̀: Ṣé ojú yín dì ni, sà, àbí ó là?

Ọ̀GÁ: Ó là. Méjèèjì ló là. Jẹ́ ká lọ wo yàrá náà kí ọkàn mi tó yí padà.

(Ó fi ìkánjú dìde. Orúnkún rẹ̀ kọ̀. Ó di etí tábìlì mú, òógùn bò ó.)

Ọ̀GÁ: Yéè, orúnkún mi. Bá mi pe ẹnì kan.

OLÓHÙN-IYỌ̀: Gbogbo wọn wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, sà.

Ọ̀GÁ: Kí ni mo wá fẹ́ fara tì báyìí?

(Olóhùn-iyọ̀ fi èjìká ti ògiri, ó mú ọ̀pá kan kúrò lábẹ́ abíyá, ó nà án sí ọ̀gá.)

OLÓHÙN-IYỌ̀: Ẹ dì í mú dáadáa, sà. Ẹsẹ̀ kẹta nìyí.