Òfin Àkurákudà àti Oyè Baba Láṣebìkan

Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ o! Ará Etíkun-Ọ̀pẹ, àti ẹ̀yin àlejò tó ń fi ìwọ̀ ṣeré létí òkun lọ́jọ́ Sátidé, tí ebi ò pa yín! Kábíyèsí kí yín. Lẹ́yìn ìkíni ni òfin.

Àkurákudà, ẹja ńlá eléyín mímú nì, ń tán lọ nínú òkun. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹja pẹlẹbẹ tó ní ẹ̀gún nírù ń tán lọ. Nítorí náà:

Ìkíní: ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ pa wọ́n mọ́. Kò gbọdọ̀ o!

Ìkejì: bí ìwọ̀ bá ṣèèṣì mú ọ̀kan, inú omi ni kí ẹ ti tú u sílẹ̀. Bí ìwọ̀ bá wọlé jù, ẹ gé okùn. Ẹ tọrọ àforíjì. Ẹ má rò pé kò gbọ́.

Ìkẹta: ẹni tó bá gbé ẹja pẹlẹbẹ sókè bí atẹ nítorí fọ́tò, a ó gbé òun náà sókè lọ́jà, kí gbogbo ìlú wá yà á.

Ìkẹrin, èyí ló le jù: ẹni tó bá ti pa àkurákudà rí, kó wá jẹ́wọ́ láàárín ọjọ́ méje. Yóò dúró nínú òkun títí dé àyà, láti àárọ̀ dọ́sàn-án, yóò máa bẹ omi.

Ọjọ́ keje rèé tí a ti kọ́kọ́ kéde òfin mẹ́rin yìí. Lọ́jọ́ náà, ojú gbogbo wa yí sílé Olóyè Láṣebìkan. Ta ni ò mọ Apàkurákudà, oyè tí Baba fi àkurákudà tó pa jẹ? Ogójì ọdún ni eyín ẹja náà ti wà lókè ilẹ̀kùn rẹ̀. Bí ọdún bá dé, Baba ló ń kọ́kọ́ jẹun, kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan àwo. Ọjọ́ mẹ́fà ni Baba ò jáde. Bó bá ní òun pa á, òkun ń dúró dè é, bẹ́ẹ̀ Baba ò mọ̀wẹ̀. Bó bá ní òun ò pa á, oyè lọ, àwo àkọ́kọ́ lọ.

Láàárọ̀ yìí ó dé ààfin, ó dọ̀bálẹ̀. Ó ní òkú ẹja lòun bá lórí iyanrìn, tó ti ń rùn, lòun bá fi ọ̀kọ̀ gún un lẹ́ẹ̀mẹta kó lè jọ ogun. Baba sunkún. Oyè náà dùn mọ́ ọn o.

Kábíyèsí wo àwọn ìjòyè yíká. Nínú gbogbo wọn, ọwọ́ Baba nìkan ló mọ́ kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ àkurákudà.

Ìkarùn-ún, nítorí náà: Baba Láṣebìkan ti di Olùṣọ́ Àkurákudà. Àwo àkọ́kọ́ ṣì jẹ́ tirẹ̀. Ẹni tó bá fi í rẹ́rìn-ín yóò wọ òkun.

Ìkẹfà: ẹnì kan bá Baba gbé òkú ẹja náà wọ̀lú. Ó búra pé ojú òun ni ìjà Baba àti ẹja náà ṣe. Ọdọọdún ló ń pariwo ìjà náà káàkiri ìlú, tó ń fi kún un. Lọ́la, òun ni yóò dúró nínú òkun títí dé àyà. Kábíyèsí ní kí akéde dárúkọ rẹ̀ ketekete. Gbélékàlẹ̀ ni. Ohùn rẹ̀ lẹ ń gbọ́ yìí.

Akéde ti jíṣẹ́ ààfin. Ẹni tó gbọ́, kó wí fún ará ilé rẹ̀. Ẹni tó bá ní aṣọ tó nípọn, kó yá akéde. Òkun máa ń tutù láàárọ̀.