Àtẹ̀gùn Edna àti Onífọ́tò Afòṣì-Olóṣì-Là

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ gbọ́ ààlọ́ o.

Ààlọ̀!

Ààlọ́ mi fò fẹ̀rẹ̀, kò bà lé ìjàpá, kò bà lé ẹkùn. Orí Peregrine Lascombe, onífọ́tò ará Lọ́ńdọ̀nù, ló bà lé.

Afòṣì-olóṣì-là! Ọ̀rẹ́ tálákà tí kì í sùn nílé tálákà! Kámẹ́rà mẹ́ta ló ń gbé kọ́rùn bí ìlẹ̀kẹ̀ ìyàwó. Ìlú àwọn ahunṣọ ní àríwá Ìlú Ọba ló ti ń ya fọ́tò tó sọ ọ́ di olókìkí. Bí o bá rẹ́rìn-ín sí kámẹ́rà rẹ̀, àgbà ni ọ́, ọmọdé ni ọ́, ohun kan náà ni yóò wí: "Má rẹ́rìn-ín o. Ẹ̀rín kì í tà."

Opó kan wà níbẹ̀, Edna Birtwhistle, ahunṣọ. Ní àdúgbò wọn, ọkọ obìnrin lè mutí yó, ọmọ rẹ̀ lè ya ìpátá, ṣùgbọ́n àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kò gbọdọ̀ dọ̀tí. Orí ìkúnlẹ̀ ni wọ́n ti ń fi òkúta ẹfun ha á títí yóò fi funfun. Àtẹ̀gùn dúdú, orúkọ dúdú. Ti Edna ló funfun jù.

Peregrine ní kó jẹ́ kí òun da èédú díẹ̀ sí i, kí àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù lè káàánú rẹ̀. Edna ní kó lọ da á sẹ́nu ọ̀nà ìyá tirẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni mu tíì tí obìnrin náà gbé fún un, ó dúpẹ́, ó jókòó dè é kó lọ síbi iṣẹ́. Bí Edna ti ń darí bọ̀, ó rí i tí àtẹ̀gùn rẹ̀ dúdú kirikiri. Kò rí ẹni tó ṣe é. Ó káwọ́ lérí. Ibi tó ti káwọ́ lérí ni kámẹ́rà ti dún.

Fọ́tò yẹn gba ẹ̀bùn ní Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà tó yá, wọ́n gbé e wá hàn ní gbọ̀ngàn ìlú. Hattie aládùúgbò sáré wá sọ fún Edna pé àtẹ̀gùn rẹ̀ ń bẹ lára ògiri, àwọn èèyàn sì ti ń yínmú. Ojú Edna ṣú. Ó dé fìlà ṣọ́ọ̀ṣì tó nìyẹ́ lórí, ó wọ ìbọ̀wọ́, ó gba gbọ̀ngàn lọ.

Peregrine rí fìlà, ó rò pé ìyàwó olórí ìlú ni. Ó tẹríba títí imú rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kanlẹ̀.

"Màmá, ẹ wo Edna inú fọ́tò yìí. Ọ̀rẹ́ mi ni, mo mọ̀ ọ́n bí ẹni mowó. Ilé rẹ̀ ni mò ń sùn."

"Kí ló dé tí àtẹ̀gùn rẹ̀ fi rí báyìí?"

"Ọ̀lẹ ni, Màmá. Kò fọ̀ ọ́ rí láti ọjọ́ tó ti wọlé ọkọ."

Edna ṣí fìlà. Ohùn tó fi ń borí ariwo ẹ̀rọ ìhunṣọ ló fi dáhùn.

"Ọmọ mi, èmi ni Edna. Gbogbo àdúgbò ló mọ àtẹ̀gùn mi. Ta ló da èédú sí i?"

Peregrine wo fọ́tò, ó wo Edna, ó tún wo fọ́tò.

"Díẹ̀ náà ni, Màmá. Fọ́tò ló fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀."

Ó parí! Ẹni tó yá ojú olójú sunkún, ojú tirẹ̀ ni yóò fi san án. Àwọn obìnrin ahunṣọ yí i ká bí ìgbà tí adìyẹ rí aáyán, wọ́n sìn ín dé ẹnu ọ̀nà Edna, wọ́n gbé garawa àti òkúta ẹfun lé e lọ́wọ́. Ó kúnlẹ̀ tòun ti ṣòkòtò àrán. Hattie bọ́ kámẹ́rà kan lọ́rùn rẹ̀, ó gbé e sójú. Peregrine wá fi eyín ṣe ọ̀ṣọ́.

Edna ní, "Má rẹ́rìn-ín o. Ẹ̀rín kì í tà."

Ààlọ́ mi kò kọjá àtẹ̀gùn yẹn. Ó yá, ẹ lọ fọ ẹsẹ̀ yín kẹ́ ẹ tó gun ẹní mi. Ó dàárọ̀.