Fídíò Inú Apẹ̀rẹ̀ Obì

Ọjọ́ kan wà tí kò ní kúrò lọ́kàn mi títí wọ́n á fi da yẹ̀pẹ̀ bò mí: ọjọ́ tí mo gbé fídíò jáde nínú apẹ̀rẹ̀ obì lójú àwọn àna mi.

Ìwé mẹ́rin péré ni mo kà, ṣùgbọ́n ní Sábó níbí, kò sẹ́ni tó lè kọ́ mi ní ìtọ́jú obì gbànja. A ó bó o, a ó fọ̀ ọ́, a ó fi ewé tútù tẹ́ apẹ̀rẹ̀ fún un, a ó máa pààrọ̀ ewé náà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bó ṣe ń pẹ́ ni iyì rẹ̀ ń pọ̀ sí i. Mo wá rò pé bẹ́ẹ̀ ni gbogbo nǹkan rí.

Nígbà tí Sìkírátù ọmọ mi wà lọ́mọ ọdún méje, ojú fèrèsé aládùúgbò wa kan ló ti máa ń wo fídíò. Lọ́jọ́ kan, ọkùnrin náà ti fèrèsé mọ́ ọn lójú. Ó sunkún wálé. Inú bí mi, mo lọ ra fídíò tuntun, irú èyí tó ń gbé kásẹ́ẹ̀tì mì. Ọmọ náà fò mọ́ mi. Mo ní kó rọra, pé ẹrù tí yóò gbé lọ sílé ọkọ ni.

“Bàbá, ẹ jẹ́ kí n wò ó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.”

“Ta ní ń jẹ gbànja tí kò tíì gbó?”

Mo wé e sí ọ̀rá, mo fi ewé tẹ́ apẹ̀rẹ̀ fún un, mo gbé e sí àjà. Fún ọdún méjìdínlógún, bí mo bá ti kírun Jímọ̀ tán, mo ń gun àjà lọ pààrọ̀ ewé. Lọ́dún tí kòkòrò jẹ obì gbogbo Sábó, ó dé ẹnu apẹ̀rẹ̀ yìí, ó wò ó, ó padà. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kó lọ bi kòkòrò.

Nígbà tí ọkọ dé, mo ránṣẹ́ sí àwọn àna ní Ìkẹ́nnẹ́ pé kí wọ́n má ra ohunkóhun tó ń gbé àwòrán jáde, ọba wọn wà lọ́wọ́ mi. Gbogbo Sábó ló gbọ́. Ọjọ́ tí a ó kó ẹrù ìyàwó pé, àwọn àna kún pálọ̀ mi, mo ń ṣí ewé kúrò níkọ̀ọ̀kan. Àbúrò ọkọ, ọmọ yunifásítì, dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó ní ṣé búrẹ́dì ni wọ́n á máa fi yan.

Bàbá ọkọ, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún. “Fídíò ni. A ní irú ẹ̀ lẹ́yìnkùlé. Adìyẹ ń sàba lórí ẹ̀.”

Mo ní kí wọ́n tàn án. Tẹlifíṣọ̀n pẹlẹbẹ tó wà ní pálọ̀ mi kò ní ihò tí wáyà rẹ̀ lè wọ̀. Ìyàwó mi wá lọ yá tẹlifíṣọ̀n oníkùn. Ta ló ní in? Ọkùnrin tó ti fèrèsé mọ́ ọmọ mi lójú yẹn náà ni. Fúnra rẹ̀ ló gbé e wá, kó lè wòran.

Wáyà wọlé. Ìgbà náà ni mo rántí pé n kò ra kásẹ́ẹ̀tì rí. Mo bi aládùúgbò náà bóyá ó ṣì ní.

“Mo ti fa okùn inú wọn yọ,” ó ní, “mo ta á sórí àgbàdo mi lọ́nà Ìbídò, kí ẹyẹ má bàa jẹ ẹ́. Ẹyẹ ló ń wo fíìmù wa báyìí.”

Mo ní ó kéré tán, kí wọ́n rí i pé ó ṣì wà láàyè. Mo tẹ bọ́tìnnì. Iná pupa tàn, fídíò la ẹnu, ó pọ omi ewé sórí rọ́ọ̀gì, iná kú. Òórùn gbànja gba ilé.

Gbogbo ènìyàn ń rẹ́rìn-ín, àfi Sìkírátù. Ó kúnlẹ̀ tì mí, ó bá mi nu omi náà.

“Bàbá, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo bẹ̀ yín.”

Síbẹ̀, ó gbé e lọ sílé ọkọ. Òdòdó ló gbé lé e lórí.

Ẹ̀yin ọmọ, obì ló ń dúró de ọjọ́. Ẹ̀rọ kì í dúró de ẹnikẹ́ni, ọmọdé pàápàá kì í dúró. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá rà á ni kẹ́ ẹ lò ó. Mo ti kọ́gbọ́n, mo bá ara mi rẹ́rìn-ín.

Lọ́dún tó kọjá, Sìkírátù ra fóònù tuntun fún mi, ó ní kí n máa lò ó o. Mo ní mo ti gbọ́. Ó wà dáadáa. Jímọ̀ tó kọjá ni mo pààrọ̀ ewé rẹ̀.