Ẹ̀rọ Afaeruku Bàbá Ṣẹ̀san

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà àdúgbò wa fi ń wí pé, "Ọjà ọ̀pọ̀ kì í lé eruku, àga ló ń wá fún un"? Bí ẹ bá rẹ́rìn-ín, mi ò ní bínú. Àwa tọ́rọ̀ náà ṣojú wa pàápàá kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín.

Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni Bàbá Ṣẹ̀san. Ilé rẹ̀ kò jìnnà síbi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta, eruku kì í sì í tán níwájú ilé náà. Fẹhíntọlá, ìyàwó rẹ̀, ní asimá. Bí eruku bá ti kan imú rẹ̀, èémí rẹ̀ a há, àyà rẹ̀ a máa súfèé.

Dókítà pè wọ́n jókòó. Ó ní, "Bàbá, ẹ ká kápẹ́ẹ̀tì pálọ̀ yín, kí ẹ máa fi àkísà tútù nu ilẹ̀. Bí ẹ ò bá lè ká a, ẹ ra ẹ̀rọ afaeruku tó ń fi omi mú eruku. Ṣùgbọ́n ojúlówó ni kí ẹ rà o."

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló fi kápẹ́ẹ̀tì náà ta Bàbá lọ́rẹ lọ́jọ́ tó fẹ̀yìn tì. Ó ní ó sàn kí wọ́n ká òun fúnra òun. Ó lọ sọ́jà, ó rí ojúlówó, ó gbọ́ iye rẹ̀, ó yí ojú kúrò. Oníṣọ́ọ̀bù kan wá fi òmíràn tí owó rẹ̀ kò tó ìdajì tọ̀hún hàn án.

"Bàbá, ìkan náà ni wọ́n. Orúkọ ló mú tọ̀hún wọ́n."

Bàbá rà á. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, omi inú ẹ̀rọ náà dúdú bí omi aró. Bàbá gbé e káàkiri àdúgbò. "Ẹ wo ohun tí à ń mí sínú!" Gbogbo wa pàtẹ́wọ́.

Ṣùgbọ́n ikọ́ Fẹhíntọlá ń le sí i. Lọ́jọ́ kan, oòrùn gba ojú fèrèsé wọlé, Fẹhíntọlá sì rí nǹkan tó ń rú jáde lẹ́yìn ẹ̀rọ náà bí èéfín.

"Bàbá Ṣẹ̀san, ẹ wo ẹ̀yìn ẹ̀rọ yín. Eruku tó ń fà níwájú ló ń tú síta níbẹ̀."

"Ooru omi nìyẹn, Ìyá Ṣẹ̀san. Ta ló kọ́ ọmọ ìlú yìí ní sáyẹ́ǹsì?"

Obìnrin náà fi ìborùn bo imú.

Kò pẹ́ sígbà náà ni ẹ̀gbọ́n Fẹhíntọlá ọkùnrin kú. Àwọn ará ìjọ wá kí i. Àlùfáà wọ aṣọ funfun, Alàgbà Ọdẹ́tókun jókòó tì í, àwòrán olóògbé wà lórí tábìlì. Bí wọ́n ṣe ń jẹ bisikíìtì ni èérún rẹ̀ bọ́ sórí kápẹ́ẹ̀tì. Ọkàn Bàbá kò balẹ̀ mọ́. Ó gbé ẹ̀rọ jáde.

Moróunmúbọ̀, àbúrò Fẹhíntọlá, ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, àdúrà ń lọ lọ́wọ́."

"Kò ní ju ìṣẹ́jú kan lọ."

Omi ọ̀sẹ̀ tó kọjá ṣì wà nínú rẹ̀, kò dà á nù. Ẹ̀rọ náà kọ etí kápẹ́ẹ̀tì, ó dojú dé. Ó ké, ó gbọ̀n, ó wá pọ omi ẹrẹ̀ jáde láti ìdí. Ẹrẹ̀ náà bo ojú olóògbé nínú àwòrán. Ó sọ àlùfáà di alágbẹ̀dẹ. Alàgbà Ọdẹ́tókun tó la ẹnu láti ṣe àmín gbé e mì.

A rẹ́rìn-ín. Àní àwa tí a wá kí ọlọ́fọ̀, a rẹ́rìn-ín.

Àfìgbà tí ẹ̀rọ náà bú gbàmù, tí èéfín òun eruku gbalé kan. Fẹhíntọlá di ọrùn mú. Ètè rẹ̀ ń dúdú. Moróunmúbọ̀ fín oògùn sí i lẹ́nu, kò ràn án. A gbé e dìde pẹ̀lú ẹrẹ̀ lára wa, a sá dé ilé ìwòsàn.

Nọ́ọ̀sì wò wá látòkè délẹ̀. "Inú kòtò wo lẹ ti fà á yọ?"

"Pálọ̀ ni," Alàgbà dáhùn. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́.

Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi atẹ́gùn sí i nímú. Bàbá Ṣẹ̀san darí wálé, ó fi àdá gé kápẹ́ẹ̀tì náà wẹ́lẹwẹ̀lẹ. Eruku tó wà lábẹ́ rẹ̀ tó ohun tí wọ́n lè gbin ẹ̀fọ́ sí. Ó kúnlẹ̀ pẹ̀lú àkísà tútù, ó ń nu ilẹ̀, ó ń sunkún.

Fẹhíntọlá padà wálé, ṣùgbọ́n kò lè kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin mọ́. Bó bá gun àtẹ̀gùn mẹ́ta, yóò sinmi. Nígbà tí aládùúgbò kan tó fẹ́ ra irú ẹ̀rọ náà wá bi í bóyá ó ṣiṣẹ́, ó mí díẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé àyà.

"Ó ṣiṣẹ́ o, ọmọ mi. Ó gbé eruku kúrò nílẹ̀, ó sì fi í jókòó síbí. Ọjà ọ̀pọ̀ kì í lé eruku, àga ló ń wá fún un."