Ọjọ́ Tí Mo Ní Ládàánì Ò Mọ Aago

Ọjọ́ kan wà tí kò lè kúrò lọ́kàn mi bó ti wù kí n dàgbà tó, kì í sì í ṣe ọjọ́ ìgbéyàwó mi. Ọjọ́ náà ni mo jókòó nílé bàbá mi ní Ẹdẹ, níwájú kọ̀ǹpútà mi, tí mo ń ṣàlàyé fún ìyá tó bí mi lọ́mọ pé ládàánì mọ́ṣáláṣí àdúgbò wa, tó ti ń pe ìrun láti ìgbà tí wọn ò tíì gba ọmú lẹ́nu mi, kò mọ aago.

Olùkọ́ ìṣirò ni mí. Ẹni tó bá ń kọ́ ọmọ ní ìṣirò sì máa ń rò pé kò sí ohun tí òun ò mọ̀. Lọ́dún náà, mo wo fídíò ọkùnrin kan tó bojú, tó ń sọ pé gbogbo ohun tí a ń ṣe lórí ìńtánẹ́ẹ̀tì ni àwọn kan ń ṣọ́. Àyà mi já. Èmi tó jẹ́ pé iye tí wọ́n ń ta ìrẹsì ni mo máa ń wò níbẹ̀! Ṣùgbọ́n mo pinnu pé wọn ò ní rí mi mọ́. Mo kó gbogbo ohun tó wà lórí kọ̀ǹpútà mi dànù, mo fi Linux, ètò mìíràn tó ń darí kọ̀ǹpútà, sí i, mo sì wá búráúsà kan tí èèyàn fi ń ṣí ìkànnì, èyí tó jẹ́ pé àṣírí bíbò ni iṣẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá ti pa á, gbogbo ohun tí ẹ ṣe ló máa gbàgbé. Bí ìkànnì kan bá sì béèrè ọ̀rọ̀ nípa yín, irọ́ ló máa pa fún un. Mo ka ìyẹn, inú mi dùn. Mi ò béèrè irú irọ́ wo ni.

Lórí Linux, ibi kan wà tí èèyàn ti lè gba irú nǹkan báyìí, tí yóò sì máa sọ ara rẹ̀ dọ̀tun. Ìyẹn rọrùn jù fún ọ̀mọ̀ràn bíi tèmi. Ọwọ́ ara mi ni mo fi gbé e sí i, mò ń tẹ àṣẹ sójú kọ̀ǹpútà tó dúdú títí ó fi ṣí. Lẹ́yìn náà mo yọ aago tó wà nísàlẹ̀ ojú kọ̀ǹpútà kúrò, nítorí pé ó ń ba ẹwà rẹ̀ jẹ́ fún mi. Fún oṣù mẹ́fà gbáko, mi ò tún wo bóyá ó ń fẹ́ ìtọ́jú.

Nígbà tó yá, àbúrò mi, Bílíkísù, rí àyè wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga lẹ́yìn ìgbìyànjú ẹlẹ́ẹ̀kẹta. Ó ku kó fi fọ́ọ̀mù kan ránṣẹ́ lórí ìkànnì wọn. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Wẹ́sìdeè ni wọ́n máa tì í, ẹni tí kò bá sì ṣe é, wọ́n á gbé àyè rẹ̀ fún ẹlòmíràn.

Ẹ mọ àwọn ìyá wa. Ohun rere tí kò bá tíì tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́, wọn kì í jẹ́ kí etí kejì gbọ́.

Màmá mi ní, “Kí ẹnikẹ́ni má gbọ́ o, àgàgà Ìyá Jẹ́mílà.”

Ìyá Jẹ́mílà ni aládùúgbò wa, ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín wa. Jẹ́mílà ọmọ wọn àti Bílíkísù ni wọ́n jọ ṣe ìdánwò, orúkọ Jẹ́mílà ò sì jáde. Fóònù Bílíkísù ti fọ́ lójú, ó wá ní kí òun lọ sí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń báni ṣe fọ́ọ̀mù lójú títì. Màmá mi ní kò sóhun tó jọ ọ́, gbogbo ayé ló ń yọjú wo nǹkan oníǹkan níbẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti sọ̀rọ̀ bí akọni.

“Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀. Búráúsà mi kì í tú àṣírí fún ẹnikẹ́ni.”

Mi ò mọ̀ pé ilé-ẹ̀kọ́ náà wà lára ẹnikẹ́ni.

Lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè, mo tọrọ àyè níbi iṣẹ́. Mo pa fóònù mi pátápátá, nítorí pé òun náà ń ṣọ́ mi. Bílíkísù kọ fọ́ọ̀mù náà tán, ó tẹ̀ ẹ́, ìkànnì ní búráúsà wa ti gbó jù, kí a lọ sọ ọ́ dọ̀tun. Mo ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì gba àkókò. Nígbà tó tún ṣí, ojú ewé mọ́ nigín-nigín.

“Bọ̀dá, àwọn ohun tí mo kọ dà?”

“Ó ti gbàgbé wọn. Bó ṣe yẹ kó ṣe nìyẹn.”

“Ó yẹ kẹ̀?”

Ó tún bẹ̀rẹ̀ láti orí orúkọ bàbá wa. Nígbà tó kan fọ́tò, ìkànnì ní kó gé e mọ́ ibi ojú. Ó gé e. Ohun tó jáde kì í ṣe ojú èèyàn rárá, ìlà aláràbarà ni, bí òfì tí ẹni tó ń tòògbé hun. A ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta, oríṣi òfì mẹ́ta la rí.

Màmá mi dìde. “Ta ló gba ojú lọ́wọ́ ọmọ mi? Mo ti sọ! Wọ́n ti gbọ́!” Wọ́n wá kọjú sí ògiri Ìyá Jẹ́mílà.

Èmi mọ̀ pé búráúsà mi ni. Ohun tó ń bo gbogbo nǹkan, ṣé fọ́tò ni kò ní bò? Ọ̀rọ̀ kan péré látẹnu mi ì bá tán an. Ṣùgbọ́n ojú ń tì mí, mo dákẹ́. Ẹ jẹ́ kí n kúkú jẹ́wọ́ tán: mo tilẹ̀ mi orí.

Àfi bí Ìyá Jẹ́mílà ṣe yọ lẹ́nu ọ̀nà. “Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ará ilé. Bílíkísù ńkọ́? Ṣé kò sí?”

Màmá mi ju ìborùn wọn bo kọ̀ǹpútà. “Kò sí nǹkan kan o. A kàn ń sinmi ni.”

Àwa mẹ́ta jókòó yí ìborùn tó ń tàn yòò láti inú ká, à ń sinmi. Ìyá Jẹ́mílà wò wá, wọ́n ní ó dáa, wọ́n lọ. Èmi ń rò ó lọ́kàn mi pé, ìrọ̀lẹ́ kẹ̀? Aago kékeré kan wà nígun ìkànnì náà, mo sì ti wò ó dáadáa. Aago mẹ́ta ò tíì lù.

Kò pẹ́ tí ládàánì fi pe ìrun Alásárì.

Màmá mi ní, “Alásárì ti tó o. Ṣé àyè ṣì wà?”

“Ládàánì ló ń kánjú, Màmá. Wákàtí kan àti díẹ̀ ló kù.”

“Fóònù mi náà ní aago mẹ́ta ti kọjá tipẹ́.”

“Fóònù onítọ́ọ̀ṣì? Ẹ wo ìkànnì ilé-ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀. Ṣé ládàánì mọ aago ju kọ̀ǹpútà lọ ni?”

Mo bu ẹ̀pà sẹ́nu. Mo ń jẹ ẹ́ jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ní wákàtí kan àti díẹ̀. Fọ́tò di òfì ẹlẹ́ẹ̀kẹrin, Bílíkísù sì bú sẹ́kún. Ẹkún náà ló mú kí Ìyá Jẹ́mílà sáré padà wá, Jẹ́mílà tẹ̀lé wọn. Ìborùn ò sí nítòsí mọ́.

Jẹ́mílà wo ojú kọ̀ǹpútà. “Bọ̀dá, ìlú wo ni aago yìí? Aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú méjìlá o!”

Ẹ̀pà há mi lọ́fun. Ibi tí búráúsà bá ní mo wà ni ìkànnì fi ń ka aago; irọ́ tó ń pa fún un nípa ibi tí mo wà, èmi náà ló ti ń pa á fún. Ó ti fi wákàtí kan pamọ́ fún mi, mo sì ń fi ládàánì ṣe yẹ̀yẹ́.

Jẹ́mílà ti fa fóònù rẹ̀ yọ. Kò béèrè ohunkóhun. Gbogbo ibi tí fọ́ọ̀mù náà ń yà sí ló mọ̀, nítorí ó ti ṣí i wò ní àṣítúnṣí nígbà tó ń retí tirẹ̀. Ó ya fọ́tò Bílíkísù lára ògiri, ẹkún ṣì wà lójú rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́, ojú èèyàn jáde. Ó ku ìṣẹ́jú méjì nígbà tí wọ́n ní ó ti wọlé. Jẹ́mílà ló kọ́kọ́ pariwo ayọ̀.

Ara wa ṣẹ̀ṣẹ̀ ń balẹ̀ nígbà tí Màmá mi béèrè pé, “Kí ló wá gba ojú ọmọ lẹ́ẹ̀kan?”

Jẹ́mílà dáhùn pé, “Búráúsà Bọ̀dá ni, Mà. Ó máa ń ba fọ́tò jẹ́.”

Màmá mi yíjú sí mi. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún Ìyá Jẹ́mílà, wọ́n ń bi mí pé kí ni mo ṣe. Màmá mi ló sọ ọ́. Wọ́n ní àwọn ti rò pé Ìyá Jẹ́mílà ló wà nídìí rẹ̀, àwọn sì fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́ fún wọn láti ọjọ́ yìí.

Ìyá Jẹ́mílà rẹ́rìn-ín. “Ọ̀rọ̀ wo? Ọjọ́ tí Bílíkísù rí àyè náà ló ti sọ fún Jẹ́mílà. Àdúà la ti ń ṣe fún un. Mo rántí pé òní ló ń parí, mo wá béèrè bóyá ó ti ṣe é, ẹ wá ń fi ìborùn bo iná.”

Ojú Màmá mi wálẹ̀. Tèmi ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Búráúsà náà ṣì wà lórí kọ̀ǹpútà mi. Gbogbo Jímọ̀ ni mo ń sọ ọ́ dọ̀tun, mo ti dá aago padà sísàlẹ̀, bí ládàánì bá sì pè, mo ti dìde kó tó pè é tán. Mo ti kọ́ ọgbọ́n: kí èèyàn tó sá pamọ́, kó kọ́kọ́ wo ẹni tó ń sá fún.

Ọdún tó tẹ̀lé e ni orúkọ Jẹ́mílà jáde. Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ ṣe fọ́ọ̀mù tirẹ̀, Ìyá Jẹ́mílà rọra yọjú sí mi lójú fèrèsé. Wọ́n ní kí n jọ̀ọ́, kí n ṣàánú àwọn, kí n pa kọ̀ǹpútà mi títí tí àwọn á fi ṣe tán. Mo pa á. Mo rẹ́rìn-ín títí, nítorí mi ò rí ẹni tí mo lè bínú sí.