Oyèníran, Àna Rẹ̀ àti Nọ́ọ̀tì Karùn-ún

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó yìí, ṣé ẹ mọ ohun tó mú àwọn àgbà máa sọ pé ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko? Ẹ má wá a jìnnà. Ìdí mọ́tò Oyèníran ará Ẹdẹ ló ti bẹ̀rẹ̀.

Oyèníran mọ iyì àna ju bó ti yẹ lọ. Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, bàbá ìyàwó rẹ̀, Bàbá Ìbíkúnlé, sùn sílé rẹ̀ kí Oyèníran lè fi mọ́tò gbé e lọ sí Ìkìrun láàárọ̀. Àbúrò ìyàwó ló bímọ níbẹ̀, ẹnu bàbá ni orúkọ ọmọ sì gbọ́dọ̀ ti jáde kí oòrùn tó kan àtàrí.

Bí wọ́n ṣe ní kí wọ́n gbéra, táyà iwájú ti jò pátápátá. Oyèníran bọ́ agbádá, ó fi jáàkì gbé mọ́tò sókè, ó tú nọ́ọ̀tì mẹ́rin. Ìkarùn-ún ti dípẹtà, kò mira rárá.

Bàbá wà lórí àga lábẹ́ igi máńgòrò. Ogójì ọdún ni bàbá yìí fi wa lọ́rì kó tó fẹ̀yìn tì. Ó wúkọ́, ó ní, “Ọmọ mi, nọ́ọ̀tì yẹn...” Kó tó dé ìdí ọ̀rọ̀, Oyèníran ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú iyẹ̀pẹ̀, ó ní ọwọ́ àna òun kò ní kan gírísì nílé òun láéláé. Ó dìde, ó rọ̀ mọ́ sípánà, ó ń mì bí aṣọ tí wọ́n sá. Nọ́ọ̀tì ò gbọ́.

Bàbá tún béèrè bóyá kẹrosíìnì wà nílé. Oyèníran tún na gbalaja, ó bẹ bàbá pé kí wọ́n má ṣèyọnu. Ó ki páìpù bọ ẹ̀yìn sípánà, ó fà á. Sípánà yọ̀, Oyèníran sì jókòó sínú ọpọ́n aṣọ tí Mopélọ́lá ìyàwó rẹ̀ rẹ sí ọṣẹ. Bàbá la ẹnu lẹ́ẹ̀kẹta. Oyèníran dọ̀bálẹ̀ tòun ti ìfófòó ọṣẹ lára, ó dìde, ó fò sókè, ó sì fẹsẹ̀ méjèèjì balẹ̀ lórí páìpù.

Mọ́tò já bọ́ lórí jáàkì. Páìpù ju Oyèníran sínú ilé adìyẹ. Ìbàdí rẹ̀ dún kẹ́kẹ́, kò sì lè tẹ̀ mọ́.

Mopélọ́lá wọ́ ọ wọlé, ó ń fi òrí ra á. Ìgbà yẹn ni bàbá ráyè. Ó da kẹrosíìnì sórí nọ́ọ̀tì, ó jókòó, ó jẹ ẹ̀pà tó wà lápò rẹ̀ tán ní wóró kọ̀ọ̀kan. Ó fi òkúta kàn án díẹ̀díẹ̀, ó fi sípánà yí i, nọ́ọ̀tì sì tẹ̀ lé e bí ewúrẹ́ tó rí èèpo iṣu. Ó tún fi jáàkì gbé mọ́tò, ó pààrọ̀ táyà, wọ́n na Oyèníran sí ìjókòó ẹ̀yìn, bàbá wa mọ́tò fúnra rẹ̀, oòrùn kò sì tíì kan àtàrí tí wọ́n fi dé Ìkìrun.

Gbogbo ọkọ ọmọ dọ̀bálẹ̀ kí bàbá. Oyèníran nìkan ló dúró gbọnrangandan bí òpó. Ojú tì í débi tí omi lé ròrò sójú rẹ̀. Àgbàlagbà kan béèrè irú àna aláfojúdi wo lèyí.

Bàbá di ọwọ́ Oyèníran mú. Ó ní, “Ẹ fi ọmọ mi sílẹ̀. Èyí tó dọ̀bálẹ̀ fún mi láàárọ̀ yìí tó mi lò títí ọjọ́ alẹ́.” Ó wá gbé ìkókó sókè, ó sọ ọ́ ní Fẹ̀sọ̀jayé.

Ṣé ẹ ti wá rí i báyìí? Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́: nọ́ọ̀tì yẹn ṣì wà lára mọ́tò. Ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko: ẹ lọ bi ìbàdí Oyèníran.